Kì í ṣe ìfúyẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń dáàbò bo àwo orin yín

"Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe fúyẹ́ tó lórí àwo, bẹ́ẹ̀ ni àwo náà ṣe máa pẹ́ tó." Ó ṣòro kí n pàdé ẹni tó ní tọ́ńtébù, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin, ní Ẹ̀pẹ́ níbí kó má sọ gbólóhùn yìí létí mi. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún torí ó jọ òótọ́. Ohun tó wúwo ló ń họ nǹkan, ohun tó fúyẹ́ kọjá lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, ohun tí ọgbọ́n orí máa sọ nìyẹn. Àmọ́ irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tí ẹ bá mú fúyẹ́ kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é sọ máa ń ba àwo jẹ́ kíákíá ju èyí tó wúwo díẹ̀ lọ, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Àlájì kan wà ní Pàpá tí mo máa ń lọ kí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Òwò ẹja ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ṣe. Ìyá wọn tó ti di olóògbé fi àpótí àwo méjì sílẹ̀ fún wọn. Wákà àti sákárà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, ti Sàláwà Àbẹ̀ní náà wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tiwa tó ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1976 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Nígbà tí Àlájì ra tọ́ńtébù, ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ bá wọn tò ó. Ó yí irin ẹ̀yìn apá ẹ̀rọ náà títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa léfòó, ó ní kí àwo Ìyá má bàa tètè bàjẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Jókòó, bá mi gbọ́ nǹkan kan," wọ́n ní. "Ohùn àwọn obìnrin yìí ti ń ha. Kò rí báyìí tẹ́lẹ̀."

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, gíráàmù mélòó ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yẹn sí?"

"Ẹyọ kan. Wọ́n ní bó bá ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe dáa tó. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ orí ẹ̀rọ náà. Kátíríìjì tó wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú tó sì ń sọ ìrìn rẹ̀ di iná mànàmáná, AT3600L ti iléeṣẹ́ Audio-Technica ni. Ó wọ́pọ̀ gan-an lórí tọ́ńtébù olówó pọ́ọ́kú, kò sì burú rárá. Gíráàmù 2.5 sí 3.5 ni àwọn tó ṣe é ní kó máa fi tẹ àwo. Gíráàmù 1 tí wọ́n gbé e sí kò tó ìdajì ibi tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni abẹ́rẹ́ yẹn fi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí àwo tí ẹnì kankan ò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Ẹni tó bá ti ro oko rí á tètè lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú àwo dà bí oko tí wọ́n fa poro sí, àmọ́ poro kan ṣoṣo ni, tó ń pòyì láti etí àwo títí dé àárín. Ògiri méjì ni poro náà ní, wọ́n fi ìdí kanra bíi lẹ́tà V. Lórí àwo onísítẹ́rìò, ògiri tó kọjú sí etí àwo yàtọ̀ sí èyí tó kọjú sí àárín: èyí tó wà lọ́nà àárín ló gbé ohùn sípíkà òsì, èyí tó wà lọ́nà etí ló gbé ti ọ̀tún. Ara ògiri méjèèjì ni wọ́n gbẹ́ orin sí. Ìlù ńlá máa ń mú kí poro náà ya sí òsì ya sí ọ̀tún gbẹrẹgẹdẹ. Ohùn tín-ín-rín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti "s" àti "ṣ" lẹ́nu olórin, ìgbì kéékèèké tó fún pọ̀ mọ́ra ni wọ́n jẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ògiri bá yí ọ̀nà padà ló máa ń ti abẹ́rẹ́ sókè, agbára tó fi ń tì í sì lè ju ìwúwo ṣóńṣó dáyámọ́ńdì náà fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Kí ló ń dá a padà sínú poro? Ìwọ̀n tí ẹ fi apá ẹ̀rọ gbé lé e lórí ni. Kò sí nǹkan míì.

Ọ̀sà wa níbí fi irú rẹ̀ hàn wá lójoojúmọ́. Ọkọ̀ òfìfo ni ìgbì máa ń jù sókè jù sódò. Ọkọ̀ tó lẹ́rù níwọ̀nba máa ń jókòó sínú omi, ìgbì á kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹrù bá wá pọ̀ jù, omi á wọlé. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù ni ọkọ̀ òfìfo yẹn. Ó ń kúrò lára ògiri, ó ń já padà lé e, àti pé dáyámọ́ńdì ni, kò sí ohun tó le tó o, orí ike rírọ̀ ló sì ń já lé. Ibi tó bá já lé á ṣẹ́ díẹ̀. Ẹ tún gbé àwo náà sí i lọ́la, ibẹ̀ náà ni yóò tún já lé.

Nígbà tí ìwọ̀n bá tó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n ti dán ṣóńṣó dáyámọ́ńdì kó máa yọ̀. Ó ń tẹ ike náà wọlé díẹ̀, ike náà á sì padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn tó bá kọjá. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ojú àmàlà kí ẹ fà á lọ, ojú rẹ̀ á máa dán ni. Ẹ wá fi etí ṣíbí kan náà gún un léraléra láti òkè, bí ẹ ò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lágbára, kí ẹ wo bó ṣe máa rí.

Ẹ ó kíyè sí i pé apá ìparí àwo ló kọ́kọ́ ń ha. Ìyára ló fà á. Àwo LP ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n poro tó wà ní etí gùn yíká ju tàárín lọ. Ní etí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 poro ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí àárín, nǹkan bíi 21 péré ni. Orin kan náà ni wọ́n wá fún pọ̀ sí ibi tó kéré jùyẹn lọ, ìgbì rẹ̀ á sì ga gòkè bí àtẹ̀gùn. Àwọn olórin wa sì fẹ́ràn láti kọ orin kan títí ojú àwo á fi tán, ìlù á le sí i, àwọn elégbè á gbé ohùn sókè lápá ìparí. Ibi tó ṣòro jù fún abẹ́rẹ́ ni orin wa ti ń gbóná jù. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí tí wọ́n bá ní kí á gbé abẹ́rẹ́ sí gíráàmù 1 "nítorí àwo àtijọ́".

Ìgbàgbọ́ yìí kò ṣàdédé wá o. Láyé gírámáfóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, irin ni abẹ́rẹ́, orí tó gbé e lè ju gíráàmù 100 lọ, ṣẹ́láàkì, ohun líle kan tó yàtọ̀ sí ike, sì ni wọ́n fi ń ṣe àwo. Ojú àwo kan tán, wọ́n á yọ abẹ́rẹ́ náà, wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹni tó bá gbé láyé yẹn ní ìdí láti bẹ̀rù ìwúwo. Ní 1948, Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo LP oníke jáde, poro rẹ̀ tín-ín-rín, ìwúwo abẹ́rẹ́ sì já wálẹ̀ sí gíráàmù mélòó kan. Láàárín ọdún 1960 sí 1980, àwọn iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn dupò lórí ta ni abẹ́rẹ́ tirẹ̀ máa fúyẹ́ jù. Kátíríìjì Shure V15 Type III tó jáde ní 1973 ń fi gíráàmù 0.75 sí 1.25 tẹ àwo, ó sì ń tẹ̀ lé poro dáadáa. Ṣùgbọ́n igi tín-ín-rín tó gbé dáyámọ́ńdì rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà àrà, rọ́bà tó dì í mú rọ̀ gan-an, ó sì wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe sí inú rẹ̀ ló mú kó lè fúyẹ́ láìta. Àwọn èèyàn mú nọ́ńbà náà nìkan, wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lé kátíríìjì tí rọ́bà rẹ̀ le.

Nítorí náà, mi ò sọ pé gíráàmù 1 burú fún gbogbo abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rí kátíríìjì tí wọ́n ń kì bọ inú apá bí ẹní ki púlọ́ọ̀gì bọ sókẹ́ẹ̀tì, tí kò ní síkúrúù méjì lórí, gíráàmù 1.25 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fún, bí ìwé rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́ ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wo ìwé tó bá a wá. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà méjì síbẹ̀, àárín wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì máa yẹ̀ ẹ́ síbì kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀. Fún kátíríìjì tó ti pẹ́ nínú àpótí, èmi máa ń súnmọ́ nọ́ńbà tó ga jù, torí rọ́bà inú rẹ̀ máa ń le bó bá ti ń gbó.

Ó wá kan èyí tí ẹ máa rà. Kò pọn dandan kó wọ́n. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe bí àpótí ìrìnàjò, tí sípíkà wà lára rẹ̀, kátíríìjì sẹ̀rámíìkì, èyí tí kò lo òòfà, ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, ó ń tẹ àwo ní nǹkan bíi gíráàmù 5, kò sì sí irin tí ẹ lè yí láti dín in kù. Mi ò ní fi àwo tí mo fẹ́ràn sí i. Ẹ wá èyí tí òòfà kékeré ń mì nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MM. Èyí tí mo máa ń sọ fún èèyàn kó rà ni AT-VM95 ti Audio-Technica, yálà VM95C tí ṣóńṣó rẹ̀ rí róbótó tàbí VM95E tí ṣóńṣó rẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀ bí ẹyin. Gíráàmù 2 ni wọ́n ní kí á gbé wọn sí, 1.8 sí 2.2 ni ààlà wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa wọn ni pé ara kan náà ni, abẹ́rẹ́ nìkan lẹ máa fà yọ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ tàbí tí ẹ bá rí owó ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ortofon 2M Red láti Denmark náà dára, gíráàmù 1.8 ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lé díẹ̀.

Róbótó tàbí ẹlẹ́yin? Ẹlẹ́yin máa ń kó ohùn tín-ín-rín jọ dáadáa, pàápàá ní apá ìparí àwo. Róbótó kì í bínú tí ẹ kò bá tò ó gẹ́ẹ́ tó bó ṣe yẹ, ariwo erukutu kì í sì í hàn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Fún àpótí àwo tí wọ́n ti lò láti 1970 síwájú, tó ti gba ilé ìyàwó, ibi ìsọmọlórúkọ àti ilé ọtí kọjá, róbótó ni èmi máa ń kọ́kọ́ gbé sí i.

Ohun kan tó máa ń mú kí àwọn èèyàn bú kátíríìjì tí kò ṣẹ̀: iná tó ń jáde lára MM kéré gan-an, nǹkan bíi fóòtì 0.003 sí 0.005. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn anpilifáyà ni wọ́n ṣe fún un. Bí ẹ bá kì í bọ ihò míì, ohùn á rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ní sí ìsàlẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Títò rẹ̀ gba sùúrù, kò gba agbára. Ẹ pa iná ẹ̀rọ. Wáyà mẹ́rin ló wà: funfun àti búlúù fún òsì, pupa àti àwọ̀ ewé fún ọ̀tún, funfun àti pupa ló jẹ́ ti ohùn, búlúù àti àwọ̀ ewé jẹ́ ti ilẹ̀. Ẹ fi ẹnu ẹ̀mú kékeré tì wọ́n, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tì wọ́n, ẹnu wáyà yẹn tètè ń já. Síkúrúù méjì tó di kátíríìjì mú jìnnà síra ní mílímítà 12.7, ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n síbẹ̀ láìfún wọn pa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìwé ìtò jáde, èyí tó ní àmì ibi méjì lórí, ọ̀kan ní nǹkan bíi mílímítà 66 sí àárín gbùngbùn àwo, èkejì ní nǹkan bíi 121. Ẹ fi rúlà wọn ìwé náà kí ẹ tó lò ó, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń sọ ọ́ di kékeré. Ní ibi méjèèjì, ara kátíríìjì gbọ́dọ̀ bá ìlà ìwé náà mu ṣánṣán. Bí ó bá mu ní ọ̀kan tí kò mu ní èkejì, ẹ tì í síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ tún un wò. Ó lè gbà yín ní wákàtí kan. Ẹ fún un ní wákàtí náà. Nígbà tó bá mu, ẹ wá fún síkúrúù náà pa.

Ìwọ̀n ló kàn. Ẹ gbé anti-skating, ìyẹn ohun tó ń dá apá dúró kó má fà sí ọ̀nà àárín, sí òdo, ẹ yí irin ẹ̀yìn títí apá á fi dúró lójú afẹ́fẹ́ láìlọ sókè láìlọ sódò. Ẹ yí nọ́ńbà ara irin náà nìkan sí òdo, kí ẹ má yí irin náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé sọ. Mi ò fọkàn tán nọ́ńbà ara irin yẹn pátápátá. Òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì kan wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ ra kátíríìjì. Ibi tí abẹ́rẹ́ ti kàn án gbọ́dọ̀ ga tó ojú àwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tó máa kà lè má péye. Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ Àlájì, 0.9 ló kà.

Anti-skating, ẹ gbé e sí nọ́ńbà tó bá ìwọ̀n abẹ́rẹ́ mu, ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí àwo ti ń yí, ó máa ń fa apá sí ọ̀nà àárín, abẹ́rẹ́ á wá fara ti ògiri òsì, á sì fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Bí sípíkà ọ̀tún bá ń ha tí òsì mọ́ gaara, ẹ fi kún anti-skating díẹ̀. Bó bá jẹ́ òsì ló ń ha, ẹ dín in kù. Bí méjèèjì bá ń ha, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá abẹ́rẹ́ dọ̀tí, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kún ìwọ̀n, kí ẹ má kọjá ààlà tí ìwé sọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa rántí bàbá rẹ̀ tó máa ń fi kọ́bọ̀ lé orí ẹ̀rọ kí àwo má bàa fò. Ìyẹn ni ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ń tẹ igi abẹ́rẹ́ wọlé, rọ́bà á dẹ̀, ara kátíríìjì lè máa wọ́ ilẹ̀ lórí àwo tó bá tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Àwo tó ń fò nígbà tí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ti tọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́gbin. Ooru àti ọ̀rinrin ẹ̀bá ọ̀sà máa ń mú kí nǹkan funfun hù sórí àwo nínú páálí rẹ̀, erukutu ọyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fọ̀ ọ́ ná.

Ẹ sì máa ka wákàtí. Audio-Technica ní abẹ́rẹ́ róbótó máa tó nǹkan bíi wákàtí 500, ẹlẹ́yin nǹkan bíi 300. LP kan, ojú méjèèjì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, nítorí náà wákàtí 500 á gbé bíi 750 àwo. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣóńṣó tó ti jẹ á ní etí mímú, kò sì sí ìwọ̀n tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Àlájì, mo ní kí á kọ́kọ́ ra abẹ́rẹ́ tuntun, torí ẹni tó tò ó kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti lo ti àkọ́kọ́. Mo gbé e sí gíráàmù 3. Àwọn àwo tí wọn ò tíì gbé sí i láàárín oṣù mẹ́ta yẹn dún bí ìgbà tí olórin wà ní pálọ̀. Àlájì ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n kàn ń mi orí. Àwọn tí wọ́n ti ń gbé sí i lójoojúmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí Ìyá fẹ́ràn jù, sákárà kan tí wọ́n á ti gbọ́ tó ìgbà 20, ó mọ́ títí ó fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó parí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ní sípíkà ọ̀tún. Gíráàmù 1 láìsí anti-skating ti kọjá lórí ògiri yẹn.

Mo yọ wáyà ọ̀tún, mo so ti òsì mọ́ sípíkà méjèèjì. Ògiri òsì ṣì dá ṣáká. Ohùn náà padà, ìlù rẹ̀ sì wà ní kíkún. Àlájì ní kí n má so ọ̀tún padà mọ́ tí àwo Ìyá bá wà lórí ẹ̀rọ, mo sì fi bébà kékeré lẹ ojú páálí rẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀: òsì nìkan.